Aláké Gbádébọ̀ Kìíní: Ọba tí Ọjà Ayé Bá Lórí Ìtẹ́

   Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, a tún mú ìtàn ọ̀kan nínú àwọn èèkàn ilẹ̀ Yorùbá wá fún yín, kí àwọn ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ lè mọ orísun wọn. Ẹni tí ó kàn lọ́tẹ̀ yìí ni Ọba Gbádébọ̀ Kìíní, tí ó jẹ Aláké ilẹ̀ Ẹ̀gbá láti 1898 títí di 1920.

Ìdí tí a fi yan ọba yìí ni ọ̀rọ̀ kan tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn lóde òní, pé ayé ti di ọjà kan ṣoṣo. Iye tí wọ́n bá dá lé kòkó ní Lọ́ńdọ̀nù ni àgbẹ̀ Oǹdó ń fojú sọ́nà fún. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí ó jọ àdìrẹ, ni ó ń wọ ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, tí àwọn aláró ibẹ̀ fi ń ráhùn. Ìlú ńlá bí Èkó lè dúró kí ó bá ayé dúnàádúrà. Ìlú tí kò tó Èkó ńkọ́? Ta ni yóò gba owó tí ó wọlé, ta ni yóò san gbèsè, ta ni yóò sì pàṣẹ? Àwọn kan rò pé ọ̀ràn tuntun ni. Kì í ṣe tuntun rárá. Ó bá Gbádébọ̀ lórí ìtẹ́ ní ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ sẹ́yìn, ó gbé e ga, ó sì gba nǹkan ńlá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ tí ó gbé adé bọ̀

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní 1854 ni wọ́n bí Gbádébọ̀. Ọdún yẹn kan náà ni bàbá rẹ̀, Ọkùkẹ́nù, jẹ Aláké, òun sì ni Aláké àkọ́kọ́ tí ó jókòó ní Abẹ́òkúta. Ṣáájú ìgbà náà, oyè Ṣàgbùà ni ó ń jẹ. Ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tí kò sí orí tí ó dé adé náà. Nígbà tí adé padà wọlé ni ọmọ náà wọlé. Orúkọ rẹ̀ ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ìlú tuntun. Ní 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sábẹ́ àpáta Olúmọ, nítorí náà ìlú kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ nígbà tí wọ́n bí Gbádébọ̀. Síbẹ̀ ayé ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ti ń padà bọ̀ láti Sàró, àwọn míṣọ́nnárì sì ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ní 1849, Ọbabìnrin Victoria fi Bíbélì ránṣẹ́ sí Ọkùkẹ́nù, Prince Albert ọkọ rẹ̀ sì fi ọlọ onírin tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo kún un. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Gbádébọ̀ nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún méje, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òwú tí ó máa ń ti ibẹ̀ lọ sí Manchester wá di ọ̀wọ́n. Àwọn oníṣòwò Manchester bẹ̀rẹ̀ sí wá òwú káàkiri ayé, Abẹ́òkúta sì wà lára ibi tí wọ́n ti rí i rà. Owó òwú gòkè. Nígbà tí ogun náà parí ní 1865, tí Amẹ́ríkà padà sóko òwú, owó náà tún wálẹ̀. Báyìí ni ìjà tí àwọn ènìyàn ń jà lókè òkun ṣe lè fi owó sí àpò àgbẹ̀ Ẹ̀gbá, kí ó sì tún yọ ọ́ kúrò. Ohun tí Gbádébọ̀ bá láyé nìyẹn, ó sì bá a dé orí ìtẹ́.

Ìlú tí kò ní ọ̀gá kan ṣoṣo

Kí á tó lè mọ ẹrù tí Gbádébọ̀ gbé, ó yẹ kí á mọ irú ìlú tí Abẹ́òkúta jẹ́. Kì í ṣe ìlú tí ọba kan ń dá pàṣẹ. Ẹ̀gbá Aláké wà níbẹ̀, Òkè-Ọnà wà níbẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀ṣilẹ̀ wọn, Gbágùúrá pẹ̀lú Àgùrá, Òwu pẹ̀lú Olówu. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àwọn ìlú kéékèèké tí ogun kó jọ ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn àtijọ́. Wọ́n ní ògbóni tiwọn tí ń dájọ́, wọ́n ní ológun tiwọn, wọ́n sì ní pàràkòyí tí ń bójú tó ọjà àti òwò.

Ẹnu bodè ni owó wà. Ẹni tí ó bá kó epo, èkùró tàbí òwú kọjá, tàbí tí ó ń kó aṣọ, iyọ̀ àti ọtí bọ̀ láti Èkó, yóò san owó bodè. Ẹni tí ó bá ní agbára ní bodè ni ó ní agbára nílùú. Bí inú bá sì bí àwọn ìjòyè sí ìjọba Èkó, ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á ti ọ̀nà. Bí ọ̀nà bá ti tì, òwò Èkó dúró nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà títì yìí ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Ní 1892, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó gbógun ti Ìjẹ̀bú, wọ́n sì fi ìbọn ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọ̀n. Àwọn Ẹ̀gbá rí i. Nígbà tí Gómìnà Gilbert Carter wá bá wọn, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kìíní ọdún 1893. Wọ́n ṣèlérí pé ọ̀nà yóò máa wà ní ṣíṣí fún òwò, àwọn kò sì ní tì í láìgba ohùn Gómìnà. Òun náà ṣèlérí pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá pa àdéhùn mọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò ní gba ilẹ̀ wọn. Báyìí ni Ẹ̀gbá ṣe dá dúró nígbà tí àwọn yòókù ń bọ́ sábẹ́ òyìnbó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ohun ìjà tí wọ́n mọ̀ ọ́n lò jù lọ ni wọ́n fi ra òmìnira náà. Láti ọjọ́ yẹn wọn kò lè ti ọ̀nà mọ́.

Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1898, Gbádébọ̀ gorí ìtẹ́ bàbá rẹ̀ ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Ọdún yẹn náà ni Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá fìdí múlẹ̀, pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn ìjọba Èkó. Aláké ni alága ìgbìmọ̀. Ọ̀ṣilẹ̀, Àgùrá àti Olówu jókòó pẹ̀lú rẹ̀, àwọn ìjòyè wà níbẹ̀, àwọn aṣojú Onígbàgbọ́ àti ti Mùsùlùmí sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kò tíì sí irú rẹ̀ rí. Ìlú tí ó ní ìṣúra tirẹ̀, ọlọ́pàá tirẹ̀, kóòtù tirẹ̀, ẹ̀ka iṣẹ́ òde, ẹ̀ka ìmọ́tótó àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìjọba, tí wọ́n fi ń tẹ ìwé òfin àti ìkéde jáde. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n kàwé ni wọ́n ń di ìwé ìṣirò mú. Ẹni tí ó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni akọ̀wé ìjọba, Rẹ́fẹ́rẹ́ǹdì J. H. Samuel, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé gíga àwọn Wẹ́sílì ní Èkó. Ó dé ipò náà ní 1902, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1904 sí Adégbóyèga Ẹ̀dun. Kò sí ìwé kan tí ó jáde ní ààfin tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn.

Ohun tí ó tún dé lákòókò yìí ni rélùwéè. Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìhà Èkó. Ojú irin náà gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá kí ó tó dé Ìbàdàn. Nítorí pé Ẹ̀gbá dá dúró, ìjọba Èkó kò lè ṣàdédé gba ilẹ̀ náà. Ní 1899 wọ́n ṣe àdéhùn, Ẹ̀gbá sì fi ilẹ̀ ojú irin háyà fún wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ọ̀nà náà dé Ìbàdàn. Ẹrù tí ó ti ń gba orí omi Ògùn lọ nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, tàbí tí àwọn alárù ń fi orí rù fún ọjọ́ mélòó kan, wá di ohun tí ó lè dé Èkó lóòjọ́. Ṣùgbọ́n iye owó ọkọ̀ àti àkókò tí ọkọ̀ yóò gbéra, Èkó ni wọ́n ti ń dá wọn. Abẹ́òkúta kò ní ohùn níbẹ̀.

Àpò ìlú ní Liverpool àti Hamburg

Owó bodè ni Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣe ètò rẹ̀ dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Owó tí ó ti ń lọ sápò àwọn ìjòyè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ wá ń wọ ìṣúra kan, wọ́n sì ń san owó oṣù fún àwọn ìjòyè àti òṣìṣẹ́. Wọ́n fi là ọ̀nà, wọ́n fi ṣe afárá, wọ́n sì fi bójú tó ìmọ́tótó ìlú. Nígbà tí òwò bá dára, ìlú a gbádùn.

Kí ni ó ń mú kí òwò dára? Kì í ṣe ọwọ́ Aláké ni ó wà. Epo pupa ń lọ sí Liverpool, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là. Èkùró ní tirẹ̀, ilẹ̀ Jámánì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ. Ilé iṣẹ́ Gaiser láti Hamburg ti wà ní Èkó tipẹ́, wọ́n sì ń ra èkùró tí wọ́n fi ń ṣe bọ́tà orí búrẹ́dì àti oúnjẹ màlúù lọ́hùn-ún. Òwú ń lọ sí Manchester. Láti 1902 tí àwọn oníṣòwò òwú ibẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ tí ń mú kí wọ́n gbin òwú ní àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ojú wọn wà lára Abẹ́òkúta. Aṣọ funfun Manchester tí ń bọ̀ wá ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń dì, tí wọ́n ń rẹ sínú aró, tí ó sì ń di àdìrẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa nìyẹn. Wọ́n gba ohun tí àjèjì ṣe, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sọ ọ́ di tiwọn, wọ́n sì jèrè lórí rẹ̀.

Ìjọba kò rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ dá. Bí owó èkùró bá já wálẹ̀ ní Hamburg, ẹrù tí ń kọjá ní bodè yóò dín kù, owó ọlọ́pàá àti ti akọ̀wé yóò sì di ohun ìṣòro ní Abẹ́òkúta. Àwọn oníṣòwò Èkó náà kò dákẹ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń kùn pé owó bodè Ẹ̀gbá ń ba òwò jẹ́. Aláké wà láàárín. Bí ó bá yọ owó bodè, kò sí ìjọba mọ́. Bí ó bá sì fi í sílẹ̀, àwọn tí ó lágbára jù ú lọ yóò máa wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀.

Ìrìn àjò 1904

Ní 1904, ọba náà wọ ọkọ̀ ojú omi, ó wá sí ilẹ̀ yìí. Sir William MacGregor, tí ó jẹ́ Gómìnà Èkó, fara mọ́ ìrìn àjò náà, Ẹ̀dun sì tẹ̀ lé ọba rẹ̀. Ọba Edward Keje gbà á lálejò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ẹni tí Victoria fi Bíbélì ránṣẹ́ sí wá dúró níwájú ọmọ Victoria, nínú aṣọ ìbílẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọba sí ọba. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń gba iwájú ààfin yẹn kọjá lọ síbi iṣẹ́ kò mọ̀ pé ọba wa ti wá sí ìlú yìí tipẹ́tipẹ́ kí àwọn bàbá wa tó wọ ọkọ̀ wá kàwé.

Ìgbàlejò náà dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òwò wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ń wá òwú fẹ́ kí ọba alágbára kan wà tí yóò mú kí àwọn ènìyàn rẹ̀ gbìn ín. Ìyì tí wọ́n fún Gbádébọ̀ lókè òkun sì tún gbé e ga ju Ọ̀ṣilẹ̀, Àgùrá àti Olówu lọ nílé. Ìjọba Èkó gbádùn àtimáa bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Àwọn Ẹ̀gbá kò fi bẹ́ẹ̀ mọ irú ọba bẹ́ẹ̀ rí.

Ọdún yẹn kan náà ni Ẹ̀gbá fọwọ́ sí àdéhùn mìíràn lórí ìdájọ́. Òwò ti kó àjèjì púpọ̀ wá sí ìlú, àwọn oníṣòwò kò sì fẹ́ kí kóòtù Ẹ̀gbá dá ẹjọ́ wọn. Nítorí náà, ẹjọ́ tí ó bá kan ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá, àti ẹjọ́ ìpànìyàn, bọ́ sọ́wọ́ àwọn adájọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ rí i bí ó ṣe rí: ọdún tí ọba náà ga jù lọ lójú ayé ni ìdájọ́ ìlú rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn díẹ̀.

Omi ẹ̀rọ àti gbèsè

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé rere tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ilé ìwosàn Sacred Heart ní Lantoro, tí àwọn Àgùdà dá sílẹ̀ ní 1895, ń tọ́jú àwọn aláìsàn. Ní 1908 ni ilé ìwé Abeokuta Grammar School bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ńlá. Ọ̀nà ọkọ̀ ń là sí oko. Àwọn àgbẹ̀ ń gbin kòkó.

Iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ ni ti omi ẹ̀rọ. Ìlú ti kún, omi kànga àti odò kò sì mọ́ tó. Gbádébọ̀ àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ fẹ́ kí omi máa ti ẹnu ẹ̀rọ jáde ní Abẹ́òkúta. Ohun rere gbáà ni. Ṣùgbọ́n owó bodè kò lè gbé e. Wọ́n yá owó lọ́wọ́ ìjọba Gúúsù Nàìjíríà, pẹ̀lú èlé lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú 1914.

Ẹni tí ó bá jẹ gbèsè mọ bí ó ṣe ń rí. Ẹni tí ó yá ni lówó kì í kọjá lójú títì láìyọjú wo ohun tí a ń se nínú ìkòkò. Ìjọba tí Ẹ̀gbá jẹ ní gbèsè ni ìjọba kan náà tí ó ń dá iye owó rélùwéè, òun náà ni ó ń dá ẹjọ́ àwọn àjèjì, òun náà ni ó sì ní ọmọ ogun. Òmìnira ṣì wà nínú ìwé. Nínú ìwé ìṣirò, ó ti ń yìnrìn.

Apá kan ẹrù náà sì bọ́ sórí àwọn ará oko. Wọ́n ń kó wọn lọ tún ọ̀nà ṣe láìgbowó. Ọ̀nà tí ó ń mú ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò ni wọ́n ń fi agbára wọn là, wọn kò sì rí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè. Àwọn ògbóni tí ó ti ń gbẹnu sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ kò lágbára mọ́. Ojú Ẹ̀dun ni wọ́n ń wò bí ẹni tí ó fa gbogbo rẹ̀.

Ọ̀ràn Ìjẹmọ̀

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1914, Sir Frederick Lugard so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀. Ìlú olómìnira kan tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí ó kàwé ń ṣàkóso rẹ̀ kò bá èrò rẹ̀ mu rárá.

Láàárín ọdún náà, ìjà ṣẹlẹ̀ lórí iṣẹ́ ọ̀nà títún ṣe. Wọ́n mú bàbá àgbàlagbà kan ní Ìjẹmọ̀, Ṣóbìyí Pónládé, tí ó takò ìjọba. Bàbá náà kú sí àtìmọ́lé. Àwọn ará Ìjẹmọ̀ dìde, wọ́n ní Ẹ̀dun gbọ́dọ̀ kúrò. Gbádébọ̀ kò yọ ọ́. Ẹ̀rù ba ìjọba, wọ́n sì ké sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n wá gba àwọn.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ, Bírítéènì wọ ogun pẹ̀lú Jámánì. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, àwọn ọmọ ogun yìnbọn sí àwọn ará Ìjẹmọ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tí ó kú, Olúwo Ìjẹmọ̀ sì wà lára wọn. Ẹ̀jẹ̀ àgbà ta sílẹ̀ nínú ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá sá wá kí ogun má baà pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà ni Lugard dì mú. Ó ní ìjọba tí kò lè dá ara rẹ̀ gbà kì í ṣe ìjọba olómìnira. Ní oṣù kẹsàn-án 1914, Gbádébọ̀ àti àwọn ìjòyè fọwọ́ sí ìwé tí ó fòpin sí àdéhùn 1893. Òmìnira ọdún mọ́kànlélógún parí. Ogun ti lé àwọn ará Jámánì kúrò nínú òwò, ẹni tí ó sì ń ra èkùró jù lọ ti lọ. Owó rẹ̀ já wálẹ̀. Ìlú pàdánù ọjà rẹ̀ àti àṣẹ rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn.

Owó orí àti ogun Adùbí

Ìjọba tuntun pa owó bodè rẹ́. Wọ́n ní owó orí ni yóò rọ́pò rẹ̀ àti iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ní 1918 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbà á ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Àkókò náà burú. Ogun ti mú kí ọkọ̀ ojú omi ṣọ̀wọ́n, ọjà òkèèrè ti gbówó lórí, ohun tí àgbẹ̀ sì ń tà kò mú owó wá bíi ti tẹ́lẹ̀. Owó bodè, oníṣòwò ni ó ń san án ní ojú ọ̀nà. Owó orí, ó ń tọ àgbẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1918, àwọn ará oko gbé ìbọn. Ogun Adùbí ni a ń pè é. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ: wọ́n hú ojú irin rélùwéè, wọ́n sì já wáyà tẹligíráàmù. Wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọba ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìjọba kó àwọn ọmọ ogun wá, àwọn kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Ìlà Oòrùn Áfíríkà dé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó kú kí ó tó rọlẹ̀. Ọdún yẹn ni Ẹ̀dun fi ipò rẹ̀ sílẹ̀.

Gbádébọ̀ kò pẹ́ lẹ́yìn náà. Ó wàjà ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1920, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógún àti oṣù mélòó kan lórí ìtẹ́. Ládàpọ̀ Adémọ́lá ni ó jọba lẹ́yìn rẹ̀.

Báwo ni kí á ṣe rántí rẹ̀?

Àwọn kan ń sọ pé Gbádébọ̀ ta Ẹ̀gbá fún òyìnbó. Àwọn mìíràn ní òun ni ó la ojú Abẹ́òkúta. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ó rí ohun tí ó dé bá Ìjẹ̀bú ní 1892, ó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe jó ààfin Ìbíní ní 1897. Ó fi ọgbọ́n àti ìwé pa ìlú rẹ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí àwọn tí ó gbé ìbọn ti ṣubú. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀.

Àṣìṣe rẹ̀ wà níbòmíràn. Ó gba rélùwéè, ó gba omi ẹ̀rọ, ó gba kóòtù tuntun, kò sì sí èyí tí ó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń bá Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ tó, kò bá Ìjẹmọ̀ sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni owó ìlú ń gbà wọlé, kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà náà sì wà lọ́wọ́ àjèjì. Lọ́jọ́ tí àjèjì ti ilẹ̀kùn, ohun tí ó yẹ kí ó kù fún ọba ni ìfẹ́ àwọn ará ìlú, ó sì ti ná èyí tán.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí á wo ti òde òní. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí rélùwéè tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, ó sì ní ibùdókọ̀ ní Abẹ́òkúta. Owó tí wọ́n yá ní Ṣáínà wà nínú rẹ̀. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa ń wo ojú owó tí ń ti Àbújá wá, owó náà sì ń wo ojú iye tí ayé ń ra epo rọ̀bì. Ní oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Ìdájọ́ yẹn dára. Ṣùgbọ́n ìtàn Gbádébọ̀ ń kọ́ wa pé ibi tí owó gbà wọlé nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ta ni wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó ná an? Ta ni yóò sì gbé ẹrù nígbà tí ọjà bá bàjẹ́?

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà. Owó tí àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa ń kó jọ níhìn-ín láti gbẹ́ kànga tàbí kọ́ ilé ìwòsàn sílé, owó òkèèrè ni. Kí á tó fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí á bi àwọn tí yóò máa mu omi náà léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kí á gbẹ́ ẹ sí, àti bí wọn yóò ṣe máa tún ẹ̀rọ ṣe nígbà tí ọwọ́ wa bá há. Ìyẹn ni ọba tí ó gbé adé bọ̀ kò rí ṣe, ìyẹn sì ni àwa lè ṣe.